“Ijo epo” kọ́: jíjò yàtọ̀ sí jíjó, ọkọ̀ tó ń jẹ ọ́ìlì sì tún yàtọ̀

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n ní ká bá òun gbé yẹ̀ wò. Iṣẹ́ ńlá ni, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ pe ọ́ìlì tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ ní “ijo epo”, ẹ tún pe ọ́ìlì tó ń bá ẹnu sàlẹ́ńsà jáde bí èéfín ní “ijo epo”, láìfi àmì ohùn sí ìkankan, ẹ wá ní ìtumọ̀ yóò hàn nínú gbólóhùn. Kò ní í hàn, Ẹ̀gbọ́n.

Ilé jò, ilé jó: ṣé ọ̀kan náà ni? Ẹni tí ilé rẹ̀ jò ń wá abọ́ tí yóò gbé sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ jó, gbogbo àdúgbò ló ń bá a kẹ́dùn. Ọmọ kékeré ní Kàbà tàbí Ìsánlú nílẹ̀ Ọ̀kún wa kò ní í ṣi ọ̀kan gbọ́ fún èkejì. Àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí lọ́dún 1974 kò ní ká da àmì ohùn nù. Ẹ sì tún fi i- síwájú rẹ̀! Ijó ni ohun tí à ń jó lójú agbo. Kí ló dé tí gbogbo ọ̀rọ̀ fi gbọ́dọ̀ di ọ̀rọ̀-orúkọ kó tó wọ inú àkójọ? “Ọ́ìlì ń jò” ti tó.

Nídìí ọkọ̀ tó ti gbó, ohùn kan yìí lowó wà. Bí ọ́ìlì bá ń jò, gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí síìlì, àwọn ohun tó ń dí ojú ìpàdé irin kí ọ́ìlì má bàa jáde, lè parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ tẹ́ páálí tó mọ́ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì lálẹ́, kí ẹ wò ó láàárọ̀. Bí ohun tó kán síbẹ̀ bá pupa, ọ́ìlì gíà tàbí ti ìdarí ọkọ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì, ẹ má tíì dá ibi tó ti ń kán lẹ́bi, torí ọ́ìlì máa ń ṣàn wálẹ̀, atẹ́gùn ojú ọ̀nà á sì gbé e sẹ́yìn. Ẹ fọ ẹ́ńjìnnì, ẹ wà á díẹ̀, kí ẹ wá wò ó láti òkè wá sísàlẹ̀.

Gbólóhùn kan wà tí “ijo” yìí kò lè gbé láéláé: ọ́ìlì jò lábẹ́ ìdérí fáàfù lókè ẹ́ńjìnnì, ó kán sórí páìpù ẹ́sọ́ọ̀sì tó gbóná, ó wá ń jó níbẹ̀. Èéfín abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nìyẹn, tòun ti òórùn rẹ̀, kò sí nǹkan kan lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Kí ẹni tó fara mọ́ “ijo” fi kọ ọ́ fún mi kí n rí i.

Ní ti èyí tí ẹ́ńjìnnì ń sun nínú, kò sídìí láti wá ọ̀rọ̀ kiri. Àwọn dírẹ́bà Peugeot 504, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná lọ́dún 1975, ti sọ ọ́ fún wa: “Ó ń jẹ ọ́ìlì.” Àbúrò bàbá mi wà lára wọn, ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́ja ló ń ná. Bí sàlẹ́ńsà bá ti tutù, á ki ìka bọ ẹnu rẹ̀. Bí dúdú ibẹ̀ bá gbẹ bí àtíkè, á ní pẹtiróòlù ló pọ̀ jù, bí ó bá ń yọ̀ mọ́ ìka, “ó ti ń jẹ ọ́ìlì nìyẹn.” Ó tún máa ń bi ẹni tó ni ọkọ̀ léèrè ìgbà tí èéfín máa ń yọ. Tó bá rú lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ tó sì mọ́, síìlì fáàfù ni ó kọ́kọ́ fura sí. Tó bá jẹ́ ìgbà tó ń gun òkè tòun tẹrù, ríǹgì písítínì ni. Irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wa, ojú ni wọ́n fi wò ó kí ẹnu tó sọ ọ́.

“Epo” náà kò dára níbẹ̀. Ẹ sọ pé “epo ń jò” nílé epo, pẹtiróòlù ni gbogbo ènìyàn yóò gbọ́, wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹ ṣáná sí ọkọ̀. Lọ́jà, epo pupa ni. Ọ́ìlì ti di Yorùbá, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó dábàá “èéfín àwọ̀ ojú ọ̀run” fún èéfín ọkọ̀ tó ń jẹ ọ́ìlì, mi ò gbà. Ojú ọ̀run ọ̀sán mọ́lẹ̀ jù. Èéfín ọ́ìlì ń fà sí aró, aró tí àwọn ìyá wa ní Búnú mọ̀. Èéfín funfun tún nìyẹn: ti òwúrọ̀ ọyẹ́ tó ń pòórá bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná kò ní wàhálà, èyí tí kò lọ, tí omi rédíétọ̀ sì ń dínkù láìjò síta, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, ni kí ẹ lọ wò.

Ẹni tó sì kọ̀wé pé kí àwa ará Ọ̀kún yé dá sí Yorùbá àjùmọ̀lò nítorí pé ẹ̀ka èdè ni tiwa: ẹ̀ka èdè kọ́ ni ti Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀gbá? Kwara la wà tẹ́lẹ̀, láti 1991 la ti di ará Kogí, ààlà ìpínlẹ̀ kò sì yí ohùn padà lẹ́nu wa. Mi ò tíì parí pẹ̀lú wọn lórí èyí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó tẹ àkójọ náà jáde, ẹ yọ “ijo epo” kúrò, kí ẹ kọ “ọ́ìlì ń jò” àti “ó ń jẹ ọ́ìlì” síbẹ̀. Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbẹ̀ àti Mọpà, kí ni àwọn mẹkáníìkì yín ń pe páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí? Tí ìyẹn bá dí, agbára inú á ti ọ́ìlì gba ojú síìlì jáde, kò sì sí orúkọ rẹ̀ nínú àkójọ yìí rárá.