Ọ́kíìdì tó fẹ́ “ibi tútù”: tútù wo?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Orúkọ Yorùbá ni à ń wá fún ọ́kíìdì, òdòdó tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní orchid. Ẹnì kan láti Kúbúwà ló dábàá pé kí á máa pè é ní “òdòdó àfòmọ́”, kí Masdevallia àti Dracula, irú ọ́kíìdì méjì tó wá láti òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, sì máa jẹ́ “àfòmọ́ ibi tútù”.

Àfòmọ́ kò bá a mu rárá. Àfòmọ́ a máa ki gbòǹgbò bọ igi, a sì máa mu oje rẹ̀. Ẹ bi àgbẹ̀ kòkó. Ọ́kíìdì kì í jẹ igi tó wà lórí rẹ̀. Ìta ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, awọ funfun kan sì bò ó tó ń fa omi bíi kànìnkànìn. Bí òjò bá bà á, á di àwọ̀ ewé. “Agbórígi” tí àwọn kan mú wá dára fún irú èyí. Ṣùgbọ́n ọ́kíìdì mìíràn ń hù lórí ilẹ̀, nítorí náà kí “ọ́kíìdì” ṣì máa jẹ́ orúkọ ẹbí.

“Tútù” gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn. Omi fìríìjì tutù, aṣọ tí kò tíì gbẹ náà tutù. Ọ̀kan jẹ́ òtútù, èkejì jẹ́ ọ̀rinrin, Masdevallia sì fẹ́ méjèèjì: ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ kí òru wà ní digírì 10 sí 13, kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì lé ní ìdá 70 nínú 100. Ní Andes, méjèèjì jọ ń rìn ni. Ní Àbújá, wọn kì í pàdé. Lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ rin, ṣùgbọ́n òru kì í sábà lọ sílẹ̀ ju digírì 20 lọ. Nígbà ọyẹ́, òru tutù, ètè wa sì ń bó. Ẹni tó bá ka “ibi tútù” á gbé ìkòkò rẹ̀ síta nínú oṣù Kejìlá. Mo ti rí irú ewé bẹ́ẹ̀ ní bákónì kan ní Gwarinpa: ṣóńṣó rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀, etí rẹ̀ ti ká wọnú. Masdevallia kò ní ibi wíwú lára tí í fi omi pamọ́ sí bíi ti àwọn ọ́kíìdì kan, kíá ni ó ń gbẹ.

Bàbá wa ní Jos, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi: “ọ́kíìdì ọlọ́yẹ́” tí ẹ dábàá á tún burú jù. Ọyẹ́ gan-an ni ọ̀tá rẹ̀.

“Ọ́kíìdì ìkùukùu” ni èmi fara mọ́. Ìkùukùu kó òtútù àti ọ̀rinrin pọ̀, òun ló sì ń bo igbó tí wọ́n ti wá. Kí á má lo “kùrukùru”, torí àwa tí a wà lókè ọya ń pe eruku ọyẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ní Gembu, lórí òkè Mambilla, kí ni ẹ̀ ń pe èyí tó ń bo ilé yín láàárọ̀? Ẹ bá wa dá sí i kí á tó kọ ọ́ sílẹ̀.