Báwo ni mo ṣe lè fi tíọ́rì Bourdieu, Giddens àti Crozier wéra lórí òwò epo kpayo?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àjàṣẹ́ kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Mo ń kọ mémoire (ìwé ìwádìí àṣekágbá) Master nínú sosiọlọ́jì, lórí àwọn tó ń ta epo kpayo, ìyẹn epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé wọlé láti Nàìjíríà láìgba ọ̀nà òfin, létí títì ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin), láti àdúgbò Wàndò títí dé ọ̀nà Àjàrá. Ní orí kejì ìwé náà, mo gbọ́dọ̀ fi tíọ́rì àwọn onímọ̀ sosiọlọ́jì mẹ́ta wéra: ti Pierre Bourdieu, ti Anthony Giddens àti ti Michel Crozier. Mo kọ ojú ìwé 18, mẹ́fà mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ tó ń tọ́ mi sọ́nà dá a padà, ó ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀.

Kí gan-an là ń fi wéra nínú tíọ́rì? Ṣé mẹ́ta yìí bára mu? Báwo ni yóò sì ṣe hàn nínú ìbéèrè tí mo máa bi àwọn olùtà? Oṣù tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá wọn.

Olùkọ́ Kétu dáhùn pé:

Àbúrò, o kú ìsapá. O to wọ́n bí ẹni to ọjà sórí àtẹ ni, o kò tíì fi wọ́n wéra. Ìbéèrè kan ṣoṣo, nípa ohun kan tó ṣẹlẹ̀, la máa ń gbé síwájú gbogbo wọn, ká lè rí ibi tí ìdáhùn wọn ti yà. Fún iṣẹ́ tìrẹ, èyí á dára: Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, kpayo sì gbówó lórí lójijì. Kí ló dé tí àwọn kan kó ṣágo wọn wọlé, tí àwọn mìíràn sì jókòó ti tiwọn?

Gbé e fún Bourdieu ná. Ibi tí olùtà ti wá ló máa kọ́kọ́ wò: iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ ṣe, ibi tó kàwé dé, àwọn tó mọ̀, irú iyì tó ní ládùúgbò. Ohun tó ń pè ní capital nìyẹn, oríṣi mẹ́rin: ti owó, ti ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti àjọṣe, àti ti iyì. Ìgbé ayé yẹn ló ń dá habitus sí èèyàn lára, ìyẹn ọ̀nà ìrònú àti ìṣe tó ti mọ́ra débi pé ẹni náà kò rò ó mọ́ kó tó ṣe é. Habitus kì í tètè yí. Bí ayé bá yí lójijì, ẹ̀yìn ló máa ń wà. Hystérésis ni Bourdieu pe ìyẹn, ó sì ti rí irú rẹ̀ ní Algeria, láàárín àwọn àgbẹ̀ tí ètò ọrọ̀ ajé òyìnbó ká mọ́lé. Nítorí náà, lójú tirẹ̀, àwọn tí wọ́n tọ́ dàgbà nídìí òwò yìí yóò pẹ́ nídìí rẹ̀ kódà nígbà tí èrè kò bá tó nǹkan mọ́.

Crozier kò ní béèrè ìyá olùtà. Ohun tí kò dá ẹnikẹ́ni lójú ló ń wá, àti ẹni tó di ìdí rẹ̀ mú. Ka ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 1963 lórí ilé iṣẹ́ tábà ìjọba Faransé kí o tó ṣí ìwé tí òun àti Erhard Friedberg kọ ní 1977. Ní ilé iṣẹ́ yẹn, gbogbo nǹkan ló ti ní òfin, àfi ìgbà tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nìkan ló mọ ìdí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí kì í ṣe ọ̀gá rárá ṣe di ẹni tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń wojú. Wá wo kpayo. Ta ló mọ ọjọ́ tí epo máa wọlé? Ta ló lè dijú ní ẹnubodè? Ta ló mọ oníbàárà tó ń san gbèsè? Ẹni tó bá di ọ̀kan mú nínú wọn yóò dúró, ọmọ ẹnikẹ́ni tí ì báà jẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ni yóò kọ́kọ́ lọ.

Àwọn méjèèjì ti sọ ohun tí o lè lọ fojú ara rẹ rí, ohun tí wọ́n sì sọ yàtọ̀. Ibẹ̀ ni ìfiwéra ti ń bẹ̀rẹ̀.

Giddens ni èmi kò ní mú. Ìwé rẹ̀ ti 1984 sọ pé àwọn òfin àti ohun èlò tó wà nílẹ̀ ló ń jẹ́ ká lè ṣe nǹkan, àti pé ìṣe wa náà ló ń mú wọn dúró. Ó dára, ṣùgbọ́n bí olùtà lọ, ó bá a mu. Bó dúró, ó bá a mu. Fi Raymond Boudon rọ́pò rẹ̀, ẹni tó gbà pé èèyàn ní ìdí tó fi ń ṣe ohun tó ń ṣe.

Abíkẹ́ Ṣábẹ dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n Kétu, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ Crozier yẹn yé mi dáadáa, àmọ́ ẹ má tíì lé Giddens jáde. Lóòótọ́, kò lè sọ ẹni tó máa lọ. Ṣùgbọ́n ó ya ohun tí èèyàn mọ̀ ọ́n ṣe tí kò lè fẹnu ṣàlàyé sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó lè ṣàlàyé bí a bá bi í, ìyẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ wa sì nílò kó tó jáde nílé. Ẹ dúró ti olùtà kan fún wákàtí kan. Ṣágo tí epo inú rẹ̀ mọ́ jù ló ń gbé síwájú, ó ń gbé ìgò kúrò nínú oòrùn, ó sì ti mọ iye tó máa pè kí zémíjàn (ọlọ́kadà) tó pa ẹ̀rọ. Kò sí èyí tó máa sọ fún yín nínú wọn bí ẹ bá jókòó tì í pẹ̀lú bírò.

Ibi tí iṣẹ́ máa ń bàjẹ́ sí nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ á lọ bi ogún èèyàn pé "kí ló dé tí ẹ fi ń ta kpayo?", á wá kọ pé Boudon ló jàre. Kò lè ṣe kó má jàre, nítorí ẹni tí a bá bi ní ìdí, ìdí ló máa wá fún wa! Bí ẹ bá sì ń wò nìkan láìbi wọ́n ní nǹkan kan, Bourdieu ni gbogbo rẹ̀ máa jọ. Ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó béèrè. Nínú olùtà 20, ẹ yan mẹ́fà, òwúrọ̀ méjì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa kọ ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe sílẹ̀.

Ní ti Boudon, mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n. Orí ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni òun àti Bourdieu ti forí gbárí, ẹ ti ibẹ̀ wọlé. Bourdieu àti Jean-Claude Passeron, ní 1964 àti 1970, ní ilé ìwé ń yin ohun tí ọmọ ọlọ́rọ̀ ti bá nílé wá, ó sì ń pè é ní ọpọlọ pípé. Boudon, ní 1973, pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì: ipa tí ilé ní lórí máàkì ọmọ, àti ìpinnu tí òbí ń ṣe lẹ́yìn tí máàkì bá dé, nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó tó máa lọ, èrè tó máa wọlé àti ewu tó wà níbẹ̀. Ó ní èkejì yìí ló máa ń wúwo jù, torí pé léraléra la ń ṣe é. Báwo lẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ mú àwọn ọmọ tí máàkì wọn nínú BEPC (ìdánwò ìparí ìpele àkọ́kọ́ ilé ìwé girama) dọ́gba. Bí ọmọ tálákà bá ṣì ń fi ilé ìwé sílẹ̀ ju ọmọ ọlọ́rọ̀ lọ, máàkì kọ́ nìyẹn, ìpinnu ni. Bourdieu á fèsì pé habitus ló ti kọ́ òbí yẹn láti má retí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí owó ilé ìwé bá wálẹ̀: bí ìpinnu bá yí kíákíá, ó ti Boudon lẹ́yìn; bó bá ń fà nílẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, ó ti Bourdieu lẹ́yìn.

Ohun kan náà ni fún kpayo. Ẹ kó àwọn tí èrè wọn lórí gálọ́ọ̀nù lítà 25 dọ́gba jọ, kí ẹ wá wò ó bóyá ọmọ olùtà àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ òwò jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Màmá Wàndò dáhùn pé:

Ẹ̀yin méjèèjì gbàgbé pé àwọn tó ṣì wà létí títì nìkan ni ọmọ yìí máa bá níbẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọn nìkan ló bi ní ìbéèrè, kò ní mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi dúró, nítorí kò rí àwọn tó lọ. Ọmọ mi, bi àwọn onílé tí iwájú ilé wọn jẹ́ ibi ìtajà tẹ́lẹ̀ àti àwọn tó ń jókòó nítòsí ibẹ̀. Bí o bá rí mẹ́jọ nínú àwọn tó ti fi òwò sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ ti dúró.

Ojú ìwé 18 yẹn, pín in báyìí: 2 fún ìbéèrè rẹ, 4 fún irú ẹ̀dá tí tíọ́rì kọ̀ọ̀kan gbà pé èèyàn jẹ́ (kí ló mọ̀, kí ló lè yàn), 8 fún ibi tí ìdáhùn wọn ti yà, 4 fún ohun tí o máa lọ wò lójú títì. Má fi orúkọ onítíọ́rì ṣe àkòrí kankan. Bí o bá ti kọ "2.1 Bourdieu" báyìí, o ti padà sí ibi tí o ti wá.

Ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ pouvoir, ìyẹn agbára, o. Crozier kò ka agbára sí ohun ìní. Àárín èèyàn méjì ló máa ń wà, ẹni tí ẹnì kejì kò lè mọ ohun tó máa ṣe ló ga jù. Lójú Bourdieu, agbára tó le jù ni èyí tí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò mọ̀ pé agbára ni, tó rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Bí o bá kọ ọ́ pé "àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ nípa agbára", o kò tíì sọ nǹkan kan.

Àwọn kan á ní kí o fi Bruno Latour àti Michel Callon kún un, pé ohun èlò náà ń ṣiṣẹ́ láàárín èèyàn. Òótọ́ wà níbẹ̀: dígí ni ṣágo, oníbàárà ń rí àwọ̀ epo kó tó rà á. Ṣùgbọ́n bí o bá tẹ̀ lé wọn, o ti gbà pé kò sí ààlà láàárín èèyàn àti ohun èlò nínú àlàyé rẹ. Mémoire mìíràn nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àjàṣẹ́ kọ pé:

Mo dúpẹ́ gan-an ni. Màá mú Bourdieu, Boudon àti Crozier, màá sì lo ti Giddens nínú orí tó kan ọ̀nà ìwádìí. Ẹnì kan ní kí n fi Akinsola Akiwowo, onímọ̀ sosiọlọ́jì ọmọ Nàìjíríà, kún un nítorí pé Yorùbá ni wá. Ṣé ó yẹ?

Olùkọ́ Kétu dáhùn pé:

Bó bá jẹ́ nítorí pé Yorùbá ni wá, má ṣe é. Bó bá jẹ́ nítorí ohun tó sọ, ó yẹ. Inú àyájọ́ alásùwàdà, nínú Ifá, ló ti mú àbá tó tẹ̀ jáde ní 1986 wá: pé ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ni ìpìlẹ̀ àwùjọ, ṣùgbọ́n kò lè pé láìsí àwọn mìíràn, àti pé ìwà ló ń so wọ́n pọ̀. Makinde fèsì ní 1988, Lawuyi àti Taiwo ní 1990, wọ́n sì yẹ àwọn ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní. Ka èsì wọ̀nyẹn mọ́ ọn. Èmi rò pé ó sàn nínú sísọ bí àwùjọ ṣe yẹ kó rí ju sísọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ibì kan wà tí o ti lè dán an wò.

Wo èsúsú àwọn olùtà. Bourdieu á pè é ní capital ti àjọṣe, Akiwowo á ní ìwà ni. Béèrè ohun tí wọ́n ṣe fún ẹni tó kó èsúsú tirẹ̀ tán tí kò dá mọ́. Bó bá ní owó àti èèyàn lẹ́yìn, tí wọ́n sì ṣì ń tà fún un ní àwìn, Bourdieu ló bá a mu. Bí wọ́n bá tì í jáde bó ti wù kí ìyẹn pa èrè tiwọn lára tó, o ti rí nǹkan tó máa ṣòro fún Bourdieu láti ṣàlàyé. Bi èèyàn mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ẹjọ́ kan náà, nítorí oníkálukú ló máa gbé ara rẹ̀ láre.

Má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sínú ìwé àkọsílẹ̀ o, òwò tí òfin kò gbà ni. V1, V2, V3 ti tó. Kọ ibi ìtajà sínú ìwé mìíràn, kí o sì fi ìyẹn sílẹ̀ nílé.