Ṣé “ọlọ̀tẹ̀” ló yẹ ká pè wọ́n?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé atọ́nà fún àwọn èrò tó ń fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Saint-Jacques, ọ̀nà ìrìnàjò mímọ́ àwọn Kristẹni, láti Le Puy ní ilẹ̀ Faransé, ni mo fẹ́ dá lóhùn. Wọ́n ní lójú ọ̀nà náà làwọn ti ń bá òkúta ìrántí àwọn ará Résistance pàdé, àwọn tó kọjú ìjà sí Jámánì tó gba ilẹ̀ wọn, láti 1940 sí 1944, wọ́n sì túmọ̀ wọn sí “ọlọ̀tẹ̀”. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dé inú ìwé.

Ẹni tó dìtẹ̀ mọ́ ọba rẹ̀ là ń pè ní ọlọ̀tẹ̀. Ta ló fi Jámánì jọba lórí Faransé? Jámánì àti ìjọba Pétain ní Vichy, ìjọba Faransé tó ń bá Jámánì ṣe, ló ń pè wọ́n ní ohun tí à ń pè ní agbésùmọ̀mí lónìí. Bí a bá kọ “ọlọ̀tẹ̀” ti orúkọ òkú, ẹnu àwọn tó yìnbọn pa á la fi ń sọ̀rọ̀.

“Alátakò” tí àbúrò wa kan dábàá fúyẹ́. Rédíò ti fi í fún àwọn olóṣèlú. “Ajìjàgbara” sàn, mo sì fara mọ́ ọn fún àwọn maquis tó wọ igbó lọ gbé ìbọn. (Ẹ má kọ “sá wọ igbó” o, ẹ ó sọ wọ́n di ìsáǹsá.)

Ṣùgbọ́n kí èrò tó rìn jìnnà, yóò dé Saint-Alban, níbi tí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ wà. Láàárín àwọn aláìsàn ni àwọn dókítà ibẹ̀ fi ẹni tí ọ̀tá ń wá pamọ́ sí. Tosquelles, tí òun fúnra rẹ̀ sá fún ìjọba Franco ní Sípéènì, wà lára àwọn dókítà náà. Ibẹ̀ ni akéwì Paul Éluard àti Nusch ìyàwó rẹ̀ forí pamọ́ sí láti ìparí 1943. Ẹni tó ń gbọ́únjẹ fún wọn kò gbé ìbọn, àmọ́ bí àṣírí bá tú, ikú ló ń dúró dè é. Ajìjàgbara kò gbà á wọlé dáadáa.

Ìdí nìyí tí mo fi mú “akọ̀yà” wá. Àgbẹ́kọ̀yà ti la ọ̀nà rẹ̀ fún wa láti 1968, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ ní àwọn ò san owó orí yẹn mọ́. Akọ̀yà, ìkọ̀yà, òkúta ìrántí àwọn akọ̀yà: ó dùn lẹ́nu, ó sì gba oníbọn àti alásè. Ẹnìkan ní “akọ̀sìn” ló péye, torí ìsìnrú ni wọ́n kọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èrò ilé Ọlọ́run ni yóò ka ìwé yìí. Yóò rò pé àwọn tó kọ ìsìn là ń wí.

Ó ku ọ̀rọ̀ ara òkúta. Òmíràn ò ga ju orúnkún lọ: orúkọ, ọjọ́ ikú, àti “Ici est tombé”. Ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ ní “Ibí ló ti ṣubú”. Bí ẹni fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò ló rí. “Ibí ló ti bógun lọ” ni tiwa. Àmọ́ ní Figeac, níbi tí SS Das Reich, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì kan, ti kó ọkùnrin tó lé ní 500 kúrò nílùú lẹ́yìn ìkónilọ ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún 1944, ẹ má fi “bógun lọ” fún gbogbo wọn. Ẹ kọ “ogun kó wọn”, nítorí àwọn kan padà wálé.