Ẹgbẹ́ Lapua ní Fínlándì: kí ló dé tí kò fi pé ọdún mẹ́ta?

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye. Oṣù kọkànlá 1929 ni ẹgbẹ́ Lapua, àwọn tó ń gbógun ti kọ́múnísì, bẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi máa di oṣù kẹta 1932, wọ́n ti fòfin dè é. Bẹ́ẹ̀ wọ́n rí ohun tí wọ́n ń jà fún gbà: ìjọba gbógun ti àwọn kọ́múnísì. Kí ló wá pa wọ́n?

Òpìtàn: Ohun tí wọ́n rí gbà yẹn gan-an ni. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje 1930, àgbẹ̀ tó lé ní 12,000 ya wọ Helsinki láti dẹ́rù ba ìjọba. Nínú ìbò oṣù kẹwàá, àwọn tí kì í ṣe sósíálíìsì mú àga 134 nínú 200, òfin tí wọ́n ń fẹ́ láti fi dè àwọn kọ́múnísì sì jáde lóṣù kọkànlá. Iṣẹ́ ti parí. Kí làwọn olóṣèlú tún fẹ́ fi jàgídíjàgan ṣe?

Alákọsílẹ̀: Ẹ má gbàgbé muilutus o. Wọ́n á ká ẹni tí wọ́n fura sí mọ́lé, wọ́n á tì í sínú mọ́tò, wọ́n á lù ú bí ẹni lu bàrà, ó di ààlà Soviet. Nígbà tó jẹ́ kọ́múnísì ni wọ́n ń ṣe é fún, ọ̀pọ̀ èèyàn dijú. Àmọ́ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 1930, Ståhlberg ni wọ́n gbé pẹ̀lú Ester ìyàwó rẹ̀, nítòsí ilé wọn ní Kulosaari, wọ́n lọ já wọn sílẹ̀ ní Joensuu. Ààrẹ àkọ́kọ́ tí Fínlándì ní! Ọ̀pọ̀ alátìlẹ́yìn ló yẹra níbẹ̀.

Òpìtàn: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀tẹ̀ tí wọ́n dì ní ìlú Mäntsälä ló gbẹ̀mí wọn. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì 1932, wọ́n fi ìbọn tú ìpàdé tí Mikko Erich ti ẹgbẹ́ Social Democrats fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Wọn ò relé. Wọ́n ní àfi kí ìjọba kógbá wọlé. Wọ́n rò pé tiwọn ni Svinhufvud, tó ti di ààrẹ. Ọjọ́ 2 oṣù kẹta, ó bọ́ sórí rédíò: ẹni tó bá padà sílé, kò sí ìyà fún un, àfi àwọn tó dá a sílẹ̀. Bó ṣe yọ ọmọ ẹ̀yìn kúrò lára olórí nìyẹn. Ọjọ́ 6, wọ́n ti túká. Òfin ọdún 1930 tí wọ́n fipá gbà yẹn náà ni wọ́n sì fi de ẹgbẹ́ wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́: Háà! Ṣé ẹgbẹ́ òṣèlú IKL ló wá rọ́pò rẹ̀?

Alákọsílẹ̀: Bẹ́ẹ̀ ni, oṣù kẹfà 1932. Ó mú àga 14 lọ́dún 1936, ó já sí 8 lọ́dún 1939. Lọ́dún 1944, lẹ́yìn àdéhùn pẹ̀lú Soviet, wọ́n fòfin de òun náà.