Àbọ̀ lórí mọ́tò mi tí kò fà mọ́: sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ni

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará, fún ìmọ̀ràn tí ẹ gbà mí nígbà tí mo béèrè nípa mọ́tò mi. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà á: mọ́tò mi ń jẹ epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kì í fà tí mo bá tẹ tòtú, iná ẹ́ńjìnnì sì ń tàn ṣáá.

Fífọ sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ (èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì) ṣe díẹ̀: sísítáàtì mọ́tò láàárọ̀ rọrùn sí i, àmọ́ iná kò kú. Ẹni tó ní ká kọ́kọ́ yẹ páìpù èéfín wò ló ràn mí lọ́wọ́ jù, torí tó bá ń jò ṣáájú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn (èyí tó ń wọn ọ́síjìn inú èéfín), irọ́ ni sẹ́ńsọ̀ á máa pa. Kò jò. Rewáyà kan ní Agric, Ìkòròdú níbí, wá ki scanner, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe mọ́tò, bọ̀ ọ́: kóòdù P0133 ló gbé jáde, ìyẹn ni pé sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà ṣáájú catalytic converter (ohun tó ń fọ èéfín mọ́) ti ń lọ́ra. Ó yẹ kí fóltì rẹ̀ máa sáré láàárín 0.1 sí 0.9, tiwa ń wọ́ ni.

A ra tuntun. (Tòkunbọ̀ wà, mi ò dán an wò.) Ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́ ká tó fi sípánà 22 tú u, a ò sì jẹ́ kí gíríìsì kan ẹnu rẹ̀. Wọ́n pa kóòdù rẹ́, iná kò tíì padà. Mọ́tò ti ń fà dáadáa lójú ọ̀nà Ṣágámù, epo náà sì ti ń pẹ́ sí i.

Ohun tó kù: ó ṣì ń gbọ̀n tí mo bá tan AC lórí ìdúró. Mẹkáníìkì fura sí engine seat, rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró. Ìyẹn di ìparí oṣù.