Ìjọba alájẹ́lẹ̀ ni kí a pè é, kì í ṣe ilẹ̀ọba

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin àbúrò. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé wá síwájú wa ni mo fẹ́ dá sí. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbí l'Abẹ́òkúta ń ṣe géèmù kan fún fóònù. Ẹni tó ń ṣeré á jókòó sórí ìtẹ́ l'Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìjòyè á wá sọ tẹnu rẹ̀, ọba á ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtàn á sì gba ibi tó bá fà á sí lọ. Irú Reigns ni, èyí tó jáde ní 2016, níbi tí ọba ti ń fi ìka ti káàdì sọ́tùn-ún tàbí sósì, tí ìjọ, ará ìlú, ọmọ ogun àti àpò owó sì ń wò ó lójú. Èyí tó bá gbẹ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọba lọ nìyẹn. Èyí tó bá kún àkúnjù, ọba lọ náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ní kí a bá òun wá: orúkọ ìjọba tí ìlú kan ti ń jọba lórí ìlú mìíràn ("empire" lédè òyìnbó), orúkọ ibi tí ìtàn ti ń pín bí ọba bá ń yàn, àti ohun tí fóònù yóò kọ bí ọba bá ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ti dáhùn pé ilẹ̀ọba ni àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí Wikipedia Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà ọba, iṣẹ́ ọba, Ìlú Ọba: ọba tí à ń wí níbẹ̀ kì í ṣe Aláàfin. Òyìnbó ni, tàbí ìjọba tó jogún àga òyìnbó. Ní Sátidé, mo dé Ìtokù, mo bi ìyá aládìrẹ kan tí aró ti pa ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́ pé kí ni ilẹ̀ọba. Kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lára aṣọ oníko tó ń tú okùn rẹ̀.

"Ṣé èyí tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri rẹ̀ ni?"

Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wólé orí rẹ̀ ló gbọ́.

Àbá tèmi ni ìjọba alájẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ lè fẹ̀ títí, kó má mú ìlú kan sin òmíràn. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni kí ojú rẹ máa ṣọ́ ìlú onílùú, ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí ìlú alágbára ń fi sí ìlú tó ń sìn ín, sì ni ojú náà. Ìbàdàn fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì títí ó fi di ogun Kírìjì, 1877 sí 1893. Kó tó kan tiwọn, ìlàrí Aláàfin ti jókòó lé àwọn baba wa lórí nínú Igbó Ẹ̀gbá, kí Lísàbí tó fi ọgbọ́n àáró kó àwọn ọkùnrin jọ, tí wọ́n sì pa ìlàrí run. Ọdọọdún là ń ṣe ọdún Lísàbí. Ọmọ Ẹ̀gbá wo ló máa rí "alájẹ́lẹ̀" lójú fóònù tí á ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun? (Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ìlàrí yàtọ̀ sí ajẹ́lẹ̀, òótọ́ ló sọ: ìránṣẹ́ ààfin ni ìlàrí, ajẹ́lẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n rán an.)

Mo tún bi ìyá yẹn. Ó rẹ́rìn-ín. "Alájẹ́lẹ̀? Àwọn tó ń jókòó sọ́jà ọlọ́jà gbowó ni."

Kí ni mo tún ń wá?

Ibi yíyàn, oríta ni. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé ẹbọ ni àwọn èèyàn máa rò, ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó. Ọba tó dúró láàárín ogun àti gbèsè yẹ kó rú nǹkan.

Ìparí ló dùn mí. Ọmọ náà kọ "eré ti parí". Ó tutù jù. Ọba tó bá kú sórí oyè, ó wàjà. Èyí tí Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè àgbà Ọ̀yọ́, bá kọ̀, tí Baṣọ̀run tó jẹ́ olórí wọn gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ síwájú rẹ̀ pé kó lọ pa ara rẹ̀, ó ṣígbá wò. Àwọn tó jọba láyé Baṣọ̀run Gáà mọ̀ ọ́n. Kí fóònù kọ èyí tó bá yẹ nínú méjèèjì. Ẹ̀kẹta kù, ìlú wa yìí ló sì kọ́ wa. Ní 1949, lẹ́yìn tí Funmilayo Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ti fi ọ̀rọ̀ owó orí gbé ìlú gbóná, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ní 1950, ó padà dé. Kò wàjà, kò ṣígbá. "Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè" kò bá a mu, torí òun fúnra rẹ̀ ló fi ìtẹ́ sílẹ̀, ó sì tún padà wá jókòó. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ ni "ó gbé adé kalẹ̀". Ohun tí èèyàn gbé kalẹ̀, ó lè tún un gbé.

Ẹni tó dá "ọba ńlá" lábàá fún ẹni tó ń ṣeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn mọ s'Ọ̀yọ́. Níbí tí Aláké, Ọ̀ṣilẹ̀, Àgùrá àti Olówu jọ wà nínú ìlú kan, èmi kọ́ ni wọ́n máa bi pé èwo ni ọba kékeré.