Ilé wo ni kí a gbà nítorí ilé-ẹ̀kọ́ girama ọmọ wa?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ wa obìnrin máa wọ girama lọ́dún tó ń bọ̀, a sì ń wá ilé tuntun. Àdúgbò méjì ló kù lọ́wọ́ wa.

Ilé-ẹ̀kọ́ ti àkọ́kọ́ gbajúmọ̀, èsì ìdánwò àṣejáde wọn dára gan-an, ṣùgbọ́n owó ilé ibẹ̀ ga débi pé yàrá kan ni àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò máa sùn. Ní ti ìkejì, èsì wọn wà níwọ̀nba, àmọ́ ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, ilé sì láyè.

Mo ti ka èsì ọdún mélòó kan, orí mi kò tíì wálẹ̀. Èsì kò sọ bóyá olùkọ́ ló mọṣẹ́, àbí àwọn tó ti mọ̀wé tẹ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé. Ọmọ tèmi kì í tètè gba ìṣirò, àfi kí wọ́n tún un ṣàlàyé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ kejì nígbà tí wọ́n ń jáde, mo rí olùkọ́ kan tó tẹ̀ sórí ìwé pẹ̀lú ọmọ méjì, kò kánjú rárá. Ó wú mi lórí, ṣùgbọ́n ọ̀sán kan kò tó fi mọ ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti torí ilé-ẹ̀kọ́ kó lọ sí àdúgbò kan rí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ bi àwọn òbí àti olùkọ́ ibẹ̀ kí ẹ tó sanwó ilé, tó jẹ́ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ọmọ tí kì í tètè gba ẹ̀kọ́?